Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀rá Tí Ìfun Ń Fà Mu: Ìdí Tí A Ò Fi Gbọ́dọ̀ Yà Wọ́n Sọ́tọ̀ Nínú Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ

Láti OPIC Estate ní Isheri títí dé Ìbafò, Mowe àti Ìfọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló mọ iye tí ṣúgà òun jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka wò kò ṣòro rí ní ilé kẹ́míìsì, nọ́ọ̀sì máa ń bèèrè, àwọn ọmọ náà máa ń bèèrè: “Mélòó ni ṣúgà yín láàárọ̀ yìí?” Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni kan náà pé mélòó ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní lè dáhùn. Èrò tó gbòde ni pé ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ṣúgà ni ti alátọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni ti ẹni tó sanra tàbí tó ń jẹ ẹran àti ẹyin láìwẹ̀yìn. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn kò gbè é lẹ́yìn. Wọ́n fi hàn pé bí ṣúgà àti ínsúlíìnì bá ṣe rí lára ènìyàn ló ń pinnu, dé àyè kan, bí ìfun rẹ̀ yóò ṣe gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọlé. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé kíkápá ṣúgà ń kan iṣẹ́ ìfun, pé ọ̀nà tó ń gbà kàn án nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní kọ́ ló ń gbà kàn án nínú oríṣi kejì, àti pé fún ìdí yìí, kò sí ẹni tó yẹ kó fi ìtọ́jú ṣúgà rọ́pò ìtọ́jú ọ̀rá.

Ká tó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ ká mọ ibi tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ti ń wá. Kì í ṣe májèlé. Ara ń fi í kọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ó ń fi í ṣe òróòro, ó ń fi í ṣe họ́mọ́ọ̀nù. Ọ̀nà méjì ló ń gbà dé inú ẹ̀jẹ̀: ara fúnra rẹ̀ ń ṣe é, pàápàá ẹ̀dọ̀, ìfun sì ń fà á mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń gba inú ìfun kọjá kò tinú oúnjẹ wá. Oúnjẹ ọjọ́ kan lè mú nǹkan bí 300 mílígírámù wá, ṣùgbọ́n òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń dà sínú ìfun ń gbé nǹkan bí 1,000 mílígírámù wá lójoojúmọ́. Nínú àpapọ̀ méjèèjì, ìfun máa ń fa bí ìdajì padà sínú ara, ìyókù á bá ìgbẹ́ jáde. Ìdajì yìí kò dọ́gba láàárín ènìyàn sí ènìyàn: àwọn kan wà tí ìfun wọn kì í gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, àwọn mìíràn wà tí tiwọn ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Èyí tó bá wọlé á lọ sí ẹ̀dọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti rí púpọ̀ gbà láti ìfun, kò ní fi bẹ́ẹ̀ fa èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra mọ́, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú tí wọ́n ń pè ní LDL á sì máa ga nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò fẹnu kan ẹyin rárá ṣì ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ìfun rẹ̀ ń fà mu lọ́sàn-án àti lóru.

Ìfun kò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹnubodè ẹ́sítéètì tó ní ẹ̀ṣọ́ méjì ló rí, tí ọ̀kan ń jẹ́ kí àlejò wọlé, tí èkejì ń dá ẹni tí kò yẹ padà síta. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ ni prótíìnì kan tí wọ́n ń pè ní NPC1L1. Èkejì jẹ́ prótíìnì méjì tó so pọ̀, ABCG5 àti ABCG8, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti ọ̀rá irúgbìn padà sínú ìfun. Ọdún 2000 ni wọ́n dá ABCG5 àti ABCG8 mọ̀, nígbà tí wọ́n ń wádìí àrùn ìdílé kan tó ń mú kí ọ̀rá irúgbìn kún inú ẹ̀jẹ̀. NPC1L1 di mímọ̀ ní 2004, ọdún méjì lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn ezetimibe tó ń dí i lọ́nà. Oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ kí àwọn tó ṣe é tó mọ ibi tó ń bá jà gan-an. Ọ̀rá irúgbìn yìí náà ló fún àwọn olùwádìí ní ọ̀nà láti wọn iṣẹ́ ìfun láìla ikùn ẹnikẹ́ni. Ara ènìyàn kì í ṣe ọ̀rá irúgbìn bíi campesterol, inú oúnjẹ nìkan ló ti ń wá. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ìfun ń gbà gan-an. Lathosterol ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ara ń ṣe lójú ọ̀nà kó tó di kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bó bá pọ̀, ó túmọ̀ sí pé ara ń ṣe púpọ̀ fúnra rẹ̀. Fífi méjèèjì wé ara wọn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, èyí tó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, tí ara kò lè pèsè ínsúlíìnì mọ́, ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣe kedere jù. Ní Finland, Tatu Miettinen àti Helena Gylling rí i pé àwọn tó ní irú àtọ̀gbẹ yìí ń fa kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mu púpọ̀, tí èyí tí ara wọn ń ṣe sì kéré. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 rí ohun kan náà lára àwọn ọ̀dọ́. Nínú àwọn eku tí wọ́n fi oògùn sọ di alátọ̀gbẹ, ABCG5 àti ABCG8 dínkù nínú ìfun wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n fún wọn ní ínsúlíìnì, ó padà sípò. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Boston ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn: ínsúlíìnì máa ń dín irú òróòro kan tó mọ ọ̀rá yọ́ dáadáa kù. Bí ínsúlíìnì kò bá tó, òróòro bẹ́ẹ̀ á pọ̀, ìfun á sì rí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fà mu ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun kan wá ń fa ìbéèrè: kí ló dé tí àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì déédéé ṣì ń fa púpọ̀ mu? Ìdáhùn tó bọ́gbọ́n mu wà nínú ọ̀nà tí ínsúlíìnì ń gbà rìn. Èyí tí páńkíríà ara ènìyàn ń tú jáde ń kọ́kọ́ dé ẹ̀dọ̀ tààrà, tòun ti agbára rẹ̀. Èyí tí a gún sábẹ́ awọ á kọ́kọ́ yí gbogbo ara ká, díẹ̀ ló sì ń kan ẹ̀dọ̀. Ṣúgà lè rọlẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ àti ìfun má tíì rí ínsúlíìnì tó wọ́n nílò.

Oríṣi kejì ló kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú. Níhìn-ín, ínsúlíìnì wà, ara ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ẹni náà sì sábà máa ń sanra. Àwọn ará Finland kan náà fi hàn pé nínú oríṣi kejì, ara ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀, ìdá tí ìfun ń fà mu sì kéré sí ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ. Ó jẹ́ òdìkejì oríṣi kìíní. Wọ́n tún rí i pé bí àwọn tó sanra tó ní àtọ̀gbẹ yìí bá fọn, tí ṣúgà wọn sì dára sí i, ìdá tí ìfun ń fà mu á gòkè padà. Ṣùgbọ́n ní 2006, ẹgbẹ́ Gerald Tomkin ní Dublin mú ègé ìfun kékeré láti ara àwọn tó ní oríṣi kejì, wọ́n sì rí i pé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà láti ṣe NPC1L1 pọ̀ sí i, ti ABCG5 àti ABCG8 sì dínkù. Èyí jọ pé ó tako ti Finland: ẹ̀ṣọ́ tó ń gbà wọlé pọ̀, èyí tó ń lé jáde kéré, síbẹ̀ ìdá tó wọlé kéré. Bí a bá wò ó dáadáa, wọn kò takora. Ìdá yàtọ̀ sí iye. Nínú oríṣi kejì, ẹ̀dọ̀ ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀, ó sì ń dà á sínú ìfun pẹ̀lú òróòro. Nígbà tí ohun tó wà nínú ìfun bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìfun lè ṣiṣẹ́ àṣekára kí ìdá tó gbà ṣì kéré. Yàtọ̀ sí èyí, àṣẹ láti ṣe prótíìnì kì í ṣe prótíìnì fúnra rẹ̀. Dublin sọ ohun tí ìfun ń múra láti ṣe, Finland sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ipa ṣúgà fúnra rẹ̀ ńkọ́, yàtọ̀ sí ti ínsúlíìnì àti ti sísanra? Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Montreal fi sẹ́ẹ̀lì ìfun ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú agolo dán èyí wò. Nígbà tí wọ́n da glúkóòsì púpọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì náà gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ sí i, NPC1L1 rẹ̀ sì pọ̀. Kò sí ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, kò sí òróòro, kò sí ọ̀rọ̀ ìsanra. Ṣúgà nìkan ni wọ́n yí padà. Nítorí náà, okùn mẹ́ta ló ń fa iṣẹ́ ìfun nígbà tí alátọ̀gbẹ bá ń tọ́jú ara rẹ̀. Okùn kìíní ni ṣúgà: bó bá ga, ó ń ti ìfun láti gbà sí i. Okùn kejì ni ínsúlíìnì: bó bá dé ẹ̀dọ̀ tó, ó ń mú kí òróòro àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ìfun ṣe bó ṣe yẹ. Okùn kẹta ni ìwúwo ara: bó bá fúyẹ́, ẹ̀dọ̀ á dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń ṣe kù, ìdá tí ìfun ń gbà á sì gòkè díẹ̀. Nínú oríṣi kìíní, okùn àkọ́kọ́ àti èkejì ń fà sí ibì kan náà, ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn láti lóye. Nínú oríṣi kejì, okùn kẹta ń fà sí òdìkejì, ohun tí a sì máa rí lára aláìsàn kan ni àbájáde ìjàkadì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá sọ pé kíkápá ṣúgà ń dín ohun tí ìfun ń fà mu kù nínú gbogbo alátọ̀gbẹ ti sọ̀rọ̀ kọjá ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní kò kan ìfun rárá náà kò wo ẹ̀rí.

Níhìn-ín ni àtakò àkọ́kọ́ ti ń yọjú. Bí ẹni tó sanra bá fọn, tí ṣúgà rẹ̀ rọlẹ̀, tí ìfun rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé kò ti ṣe ara rẹ̀ ní ibi? Rárá. Ohun tó pọ̀ jù ni ẹ̀dọ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ìdá tó ga lára ohun tó kéré lè kéré sí ìdá tó kéré lára ohun tó pọ̀. Àǹfààní kíkápá ṣúgà sì ti hàn nínú àwọn ìwádìí ńláńlá. Nínú DCCT, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993 lórí àwọn 1,441 tó ní oríṣi kìíní, àwọn tí wọ́n kápá ṣúgà wọn gan-an bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìbàjẹ́ ojú, kíndìnrín àti iṣan. Nígbà tí wọ́n tún wo wọ́n ní 2005, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti fi ìdá 42 nínú 100 dínkù láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nínú oríṣi kejì, ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. UKPDS ti 1998, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dáàbò bo ojú àti kíndìnrín, àmọ́ àǹfààní rẹ̀ fún ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ dájú títí di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ní 2008, wọ́n dá apá kan ìwádìí ACCORD dúró nítorí pé ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n ń fipá ré ṣúgà wọn sílẹ̀ jù. Lódì sí èyí, CARDS ti 2004 fún àwọn tó ní oríṣi kejì ní atorvastatin, oògùn tó ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìṣẹ̀lẹ̀ ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì fi ìdá 37 nínú 100 dínkù láàárín ọdún bíi mẹ́rin. Ṣúgà tó dára nìkan kò tó láti dáàbò bo ọkàn.

Ẹlòmíràn lè ní, bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni oríṣi kejì ń lò jù láti ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, kí la tún ń wá nínú ìfun? Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nígbà tí statin, ìyẹn irú oògùn bíi atorvastatin, bá dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, ìfun máa ń gba púpọ̀ sí i láti fi dí àlàfo. Nínú ìwádìí 4S, nígbà tí wọ́n wo àwọn 868 tó jẹ́ ará Finland nínú rẹ̀, àwọn tí ìfun wọn ń fà mu jù lọ kò rí àǹfààní simvastatin, tí òun náà jẹ́ statin, bíi ti àwọn yòókù. Ìwádìí IMPROVE-IT, tó jáde ní 2015 lórí àwọn 18,144 tí àrùn ọkàn ti kọlù, fi ezetimibe kún simvastatin. Láàárín àwọn alátọ̀gbẹ inú rẹ̀, iye àwọn tí ìṣẹ̀lẹ̀ ọkàn tún bá láàárín ọdún méje sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 45.5 sí ìdá 40.0 nínú 100. Láàárín àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ, láti 30.8 sí 30.2 péré ni. Àwọn alátọ̀gbẹ ló jèrè jù nígbà tí wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ìfun. Ẹ̀rí mìíràn tinú àjogúnbá wá: ní 2014, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú NPC1L1 tó ní ẹ̀dà kan tí kò ṣiṣẹ́ ní àrùn iṣan ọkàn tó fi bí ìdajì kéré sí ti àwọn yòókù. Ìfun kì í ṣe ẹ̀yìn ilé nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àtakò kejì wọ́pọ̀ láàárín wa, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè: pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í ṣe àìsàn Yorùbá. Ìwádìí àwọn àgbàlagbà tí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, èyí tí àwọn bíi Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun àti Adesola Ogunniyi kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn kéré sí ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé ìgbé ayé àti oúnjẹ ló ń ya wá sọ́tọ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn ará Indianapolis náà. Ìgbé ayé ẹni tó ń kúrò ní Mowe ní ìdájí láti lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú pópó Èkó sí Ìbàdàn, tó ń jẹ gálà, tó ń mu mínírà lójú ọ̀nà, tó ń padà wá jẹun ní alẹ́ pátápátá, kò jọ ti àgbàlagbà Ìbàdàn ọdún 1992 mọ́. Láàárín àwọn alátọ̀gbẹ fúnra wọn, ẹ̀rí tó wà nílé pàápàá ti sọ̀rọ̀. Nínú ìwádìí tí Anthonia Ogbera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2009 lórí àwọn 600 tó ní oríṣi kejì, ìdá 89 nínú 100 ló ní irú ìdààmú kan tàbí òmíràn nínú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn, LDL tó ga ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí ìwọ̀n ọ̀rá triglyceride wọn ga kéré gan-an, èyí tó bá ohun tí a mọ̀ nípa ìran wa mu. Ìkìlọ̀ ló wà nínú ìyẹn: dókítà tó bá ń dúró kí triglyceride ga kó tó fura sí ọ̀rá aláìsàn yóò fojú fo ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ewu.

Àtakò kẹta ni pé eku àti àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ṣe gbogbo ìwádìí wọ̀nyí. Eku kì í ṣe ènìyàn, kò sì sí ìdí láti gbà pé ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ ní Helsinki ló ń ṣẹlẹ̀ ní Ṣágámù bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n NPC1L1, ABCG5 àti ABCG8 wà nínú ìfun gbogbo ènìyàn, ínsúlíìnì kan náà ló ń darí ẹ̀dọ̀ gbogbo wa, oògùn tó ń dí ìfun sì ń sọ LDL aláwọ̀ dúdú kalẹ̀ bó ṣe ń sọ ti aláwọ̀ funfun kalẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá sì wà, ó lè má ṣe wá lóore. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní APOE, tí oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ ε4 ní í ṣe pẹ̀lú kí ìfun máa gba kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù púpọ̀ láàárín àwọn ará Finland. Oríṣi yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn Yorùbá. Èyí kò túmọ̀ sí pé a ti dá wa lẹ́bi látinú oyún. Iye kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó kéré ní Ìbàdàn fi hàn pé oúnjẹ àti iṣẹ́ ara lè bo jíìnì mọ́lẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nígbà tí oúnjẹ àti iṣẹ́ ara bá yí padà, kò sí ohun tó ní ìfun wa ni yóò dá wa sí.

Oúnjẹ gan-an ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé olúkúlùkù. Ọ̀pọ̀ ń sá fún epo pupa pé ó kún fún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Epo pupa jẹ́ ohun irúgbìn, kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń mú kí LDL ga, nítorí náà ìwọ̀nba ló yẹ kó jẹ́. Ẹyin kan ní nǹkan bí 200 mílígírámù nínú pupa rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran náà kún fún un. Fún ẹni tí ìfun rẹ̀ ń fà mu púpọ̀, bíi ti oríṣi kìíní, ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju bó ṣe jẹ́ fún ẹlòmíràn lọ. Ní ọ̀nà kejì, ewédú, ilá, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà méjèèjì pọ̀: fáíbà wọn ń dá ṣúgà dúró kó má ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń di òróòro mú kó bá ìgbẹ́ lọ, nígbà tí ọ̀rá irúgbìn inú wọn ń bá kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù du àyè nínú ìfun. Ìrẹsì Ọ̀fadà, tí wọ́n ń gbìn nítòsí Mowe ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, ṣì ní èèpo inú rẹ̀, ó sì ṣe ara lóore ju ìrẹsì funfun tí wọ́n ti họ́ tán lọ, bí ìwọ̀n inú abọ́ kò bá pọ̀ jù. Àmàlà tàbí ẹ̀bà ràgàjì pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ṣíbí kan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ púpọ̀ pẹ̀lú òkèlè kékeré ló lè ṣe é.

Àtakò tó kẹ́yìn ni owó, òun náà sì ni èyí tó ń dunni jù. Ṣúgà nìkan ti ń gba gbogbo owó tó wà lápò. Ní 2023, ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ, Sanofi tó ń ta ínsúlíìnì sì kéde ní oṣù kọkànlá pé òun kò ní ṣiṣẹ́ níbí fúnra rẹ̀ mọ́. Owó oògùn fò sókè lójú gbogbo wa. Ta ló máa wá fi àyẹ̀wò ọ̀rá kún un? Ìdáhùn mi ni pé ìnáwó tó kéré jù ló ń dá ìnáwó tó pọ̀ jù dúró. Kò sí ìdí láti máa wọn campesterol tàbí lathosterol ní ilé ìwòsàn wa. Iṣẹ́ olùwádìí ni. Ohun tó pọn dandan ni àyẹ̀wò ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, pẹ̀lú HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Statin tó ti pẹ́ lọ́jà, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe, kò wọ́n bíi ínsúlíìnì, ìtọ́sọ́nà àgbáyé sì ti gbà pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó lé ní 40 ọdún máa lò ó. Ezetimibe náà ti kúrò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo láti nǹkan bí 2017, ó sì yẹ kó wà fún àwọn tí statin nìkan kò tó fún. Ìtọ́jú rọpárọsẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn ńlá, pẹ̀lú owó tí ẹbí kò rí pa mọ́, ju gbogbo wọn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú ìwádìí DIABCARE tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá méje ní Nàìjíríà ní 2008, àròpín HbA1c àwọn 531 alátọ̀gbẹ tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 8.3, nígbà tí góńgó fún ọ̀pọ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ 7. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ṣúgà gan-an kò tíì parí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi sí pé kí a pa á tì. Kíkápá rẹ̀ ń dá ìfun padà sí ipò tó dára jù nínú oríṣi kìíní, ó sì ń dín ohun tí ẹ̀dọ̀ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ kù nínú oríṣi kejì nígbà tó bá bá ìfọnra rìn. Ṣùgbọ́n nínú oríṣi kìíní, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ kò tó láti tún iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti ìfun ṣe tán; nínú oríṣi kejì, ìfun lè máa gbà sí i bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń dínkù. Nínú oríṣi méjèèjì, ṣúgà tó dára lè bo ọ̀rá tí kò dára mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìbafò dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù àti LASUTH, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà, ó yẹ kí káàdì aláìsàn ní ibi tí wọ́n ń kọ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ ṣúgà, kí aláìsàn náà sì mọ nọ́ńbà méjèèjì lórí. Ẹni tí wọ́n bá bi ní ilé pé mélòó ni ṣúgà rẹ̀ yẹ kó lè dáhùn, kó sì fi ti ọ̀rá rẹ̀ kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè.